Àgùntàn Mẹ́ta Ni Mo Mu, Mi Ò Mu Òrìṣà

Irọ́ ni! Èmi Wàsíù, ọmọ Alfa, èmi tí gbogbo Peckham mọ̀ bí ẹni mọ owó, èmi ni Ràṣíìdì ní mo ń mu omi òrìṣà kí ọjà mi lè tà? Ọjà ta ni? Ọjà tó jẹ́ pé tí èéfín rẹ̀ bá dé ibùdókọ̀, dẹ́rẹ́bà á gbàgbé láti ṣílẹ̀kùn fún èrò? Ọjà tí ọlọ́pàá ń tò sórí ìlà fún, tí wọ́n á tún máa bẹ̀ mí pé kí n fi ata kún un? Kó wá sọ ọ́ lójú mi. Òrìṣà wo ló mọ ẹran sun tó mi?

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà yìí, àyà mi kan ilẹ̀, ilẹ̀ yìí sì tutù. Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ kú ìfaradà ẹsẹ̀ tó ń dùn yín. Síkírátù àbúrò mi, mo kí ẹ. Gbogbo ará ilé wa ní Ìwó, lágbà lọ́mọdé, mo kí yín pátá. Ẹ má bi ara yín pé báwo ni Wàsíù tó máa ń sá nílé-ìwé ṣe kọ lẹ́tà tó gùn tó báyìí. Ẹnu ni mo fi kọ ọ́. Mo sọ ọ́ sínú fóònù, ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ̀wé bá mi tò ó. Èmi náà ni mo ní kó gbé e síta kí gbogbo ayé kà á, torí ìta gbangba ni wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti ń dùn mí. Síkírátù ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ẹkún ló ń sun tó fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tí mo ra àgbò lọ́wọ́ rẹ̀ fa àgbò dé ẹnu ọ̀nà wa bí mo ṣe ní kó ṣe, àgbò Iléyá tí mo máa ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún, Bàbá sì jáde, wọ́n ní kó fà á padà. Wọ́n ní ọmọ tó ń mu omi kèfèrí ò ní àgbò nílé àwọn. Wọ́n ní láàárọ̀ ọdún, tí àwọn bá fẹ́ dúńbú, àwọn ò ní dárúkọ Wàsíù. Àgbò Ràṣíìdì ni wọ́n gbà. Síkírá ní ìdí igi ọsàn tí wọ́n máa ń so tèmi mọ́ ni wọ́n so ó mọ́, pé ó ń jẹ èèpo iṣu tí Màámi dà fún un.

Wọ́n lé àgbò mi! Ẹran tí kò mọ nǹkan kan. Mo rí i nínú fídíò kí n tó rà á, ìwo rẹ̀ ká bí ti ọmọ ọba.

Ẹni tí kò bá mọ Ràṣíìdì, kó gbọ́. Kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Bàbá tiẹ̀ kú nígbà tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, Bàbá mi ló mú un wá sílé. Orí ẹní kan náà la sùn. Abọ́ kan náà la ti jẹun, ó máa ń jí ẹran mi mú, èmi á ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ilé-kéú Bàbá la jọ lọ, wàláà tèmi, wàláà tiẹ̀. Nígbà tí mo dé ìlú òyìnbó níbí tí ẹsẹ̀ mi rílẹ̀ díẹ̀, èmi ni mo ní kó máa bọ̀. Yàrá mi ní North Peckham, bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀, òun ló sùn sórí ẹ̀, èmi ni mo sùn sílẹ̀ títí ó fi rí yàrá tiẹ̀. Wọ́n ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, àṣé èmi ni wọ́n ń pa á fún.

Bàbá, iṣẹ́ mi rèé. Ní ìdájí mo máa ń lọ fọ ọ́fíìsì ní Bermondsey. Kí àwọn tó ni ọ́fíìsì tó dé, ilẹ̀ ti ń dán, èmi ti lọ, wọn ò mọ ojú mi rí. Tó bá di ọ̀sán, mo máa ń dáná èédú lábẹ́ afárá rélùwéè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rye Lane, mo máa ń sun ẹran àgùntàn. Káńsù fún mi ní láísẹ́ǹsì, orúkọ mi ló wà lára ẹ̀. Òtútù ibí, Màámi, kì í ṣe irú ti ọyẹ́. Ọyẹ́ máa ń la ètè lásán ni. Tibí máa ń wọ eegun, á jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Òjò ibí kì í pariwo, kì í sì í dá. Èèyàn lè wà láti Mọ́ńdè títí di Tọ́sìdé kí ẹnì kankan má pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Wáz ni wọ́n ń pè mí. Wáz! Bí ìgbà tí eṣinṣin bá há sínú ìgò. Ẹni kan ṣoṣo tó máa ń pè mí ní Wàsíù, tí gbogbo ohùn rẹ̀ á pé, ni Bàbá, láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n á pè, tí wọ́n á ṣàdúrà fún mi lórí fóònù, tí màá máa ṣe àmín bí ẹni pé iṣẹ́ ló ń dí mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ èmi ti jókòó dè é látàárọ̀. Wọn ò pè mọ́. Ọ̀rọ̀ owó àgbò, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, owó kọ́ ló ń bí mi nínú.

Ìyá kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ará Ṣáínà ni, ó ń ta ẹ̀fọ́ àti ẹja. Aunty Mei ni mo ń pè é, torí ó jù mí lọ, mi ò sì lè máa la orúkọ àgbà mọ́lẹ̀ bí òyìnbó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo rò pé ó máa lọ fẹjọ́ èéfín mi sun káńsù. Lọ́jọ́ kan ó jáde, ó dúró níwájú ẹran mi, ó dijú, ó fa èéfín símú. Mo ní yé, ìjà ti dé. Àfi bí mo ṣe rí i tó ń nu omi ojú. Ó ní ní àríwá ìlú àwọn tí wọ́n ti bí òun, bàbá àgbà òun ń sin àgùntàn, pé òórùn tó máa ń wà lára aṣọ bàbá yẹn gan-an ló ń jáde lára iná mi. Ó ní nínú ìkọ̀wé àwọn, lẹ́tà kan wà fún un. Mo ní fún kí ni? Ó ní fún òórùn yẹn. Mo ní kó má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre, lẹ́tà kan ṣoṣo! Ó bá wọlé, ó gbé bírọ́ọ̀ṣì jáde àti tàdáwà dúdú, bí èyí tó wà nílé-kéú wa gẹ́lẹ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ẹ kọ́kọ́ ya àgùntàn kan: ìwo méjì lókè, igi mẹ́ta ní ìbú, igi kan tó gún wọn láàrin látòkè délẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, orí àgùntàn ni. Ẹ wá to mẹ́ta rẹ̀, ọ̀kan lókè, méjì nísàlẹ̀, bí ààrò mẹ́ta tí ìkòkò máa ń jókòó lé. Òun rèé: 羴. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni òórùn àgùntàn, òórùn ara rẹ̀ àti ti ẹran rẹ̀. Ó tán. Kò sí ẹbọ níbẹ̀, kò sí àǹjọ̀nú. Aunty Mei ní àwọn èèyàn òun gan-an máa ń bára wọn jiyàn lórí òórùn yẹn. Àwọn kan á ní ó burú, wọ́n á dimú. Àwọn kan á ní ẹran àgùntàn tí kò bá ti ní in, kí wọ́n gbé e fún ológbò.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é, kẹ́ ẹ lè pè é fún ẹnikẹ́ni tó bá wá bi yín. Shān. Ohùn òkè ni, mí ni, kì í ṣe dò, kì í ṣe re. Ṣáán. Ẹ gbé e sókè, kẹ́ ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀, bí ìgbà tí Màámi bá ń pè wá láti ẹ̀yìnkùlé, tí ohùn wọn ò ní wálẹ̀ títí a ó fi dáhùn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ parí ẹ̀, kí ṣóńṣó ahọ́n yín lọ kan ẹ̀yìn eyín òkè. Àwọn òyìnbó ò lè ṣe é. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lókè, wọ́n á já sí kòtò. Èmi ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré! Aunty Mei pariwo, ó bi mí pé ṣé mo ti gbé Ṣáínà rí ni. Mo ní rárá o, Ìwó ni mo gbé, pé níbi tí wọ́n ti bí mi, tó o bá ṣi ohùn gbé, o ti bú bàbá olóbàbá nìyẹn.

Ràṣíìdì wà níbẹ̀. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń sun ẹran nígbà náà. Òun náà pè é, ó sì pè é dáadáa, irọ́ ò dáa. Òun ló ní ká lọ tẹ̀ ẹ́ sára ápúróònù. Òun ló máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún oníbàárà, á ní òórùn àgùntàn ni, á wá bu iyọ̀ sẹ́ran, á ní òórùn ilé. Òórùn ilé yẹn, orí ara ẹ̀ ló ti mú un jáde. Èmi ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Aunty Mei bá mi kọ ọ́ gàdàgbà sórí pépà pupa, mo gbé e kọ́ sókè ibi tí mo ti ń sun ẹran. Lọ́jọ́ kan òjò gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Pépà rin gbingbin, tàdáwà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ó ń kán sínú abọ́ tánganran kan tó wà nísàlẹ̀. Mo gbé abọ́ náà dání, omi dúdú wà nínú ẹ̀. Gọ́tà rèé níwájú mi. Bàbá, mi ò lè dà á. Ẹsẹ̀ gbogbo ayé ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ta ló kọ́ mi pé omi tí wọ́n fi fọ ìkọ̀wé, wọn kì í dà á síbi tí èèyàn á ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Ta ló máa ń fọ wàláà sínú igbá, tí á ní ká mu hàǹtú náà tán, pé ẹ̀kán kan ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀? Mo mọ̀ pé kì í ṣe Kùráànì. Orí mi pé. Orí mọ̀, ọwọ́ ni ò mọ̀. Ọwọ́ gbé abọ́ sẹ́nu, ẹnu ní bìsìmílà, mo sì mu ún.

Ó korò! Bí ẹni pé mo lá ìdí ìkòkò. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni eyín mi dúdú, àwọn oníbàárà ń bi mí pé ṣé èédú ni mo fi jẹun ọ̀sán. Aunty Mei rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò ìrẹsì. Ó ní òun ti rí ẹni tó ka lẹ́tà, òun ti rí ẹni tó ta lẹ́tà, òun ò rí ẹni tó mu lẹ́tà rí. Ó wá fún mi ní tíì kí n fi ṣan ẹnu.

Ràṣíìdì ló ya fídíò. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo pé ọmọ ilé-kéú ò lè yí padà láéláé, pé kí Alfa wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ò gbọ́ ìyẹn, torí ó ti gé e kúrò. Nínú èyí tó fi sí gúrúùpù ẹbí, ẹnu mi lẹ rí, abọ́ lẹ rí, pépà pupa lẹ rí. Ó wá fi ohùn tiẹ̀ sí i lẹ́yìn, ohùn pẹ̀lẹ́ bí ti ẹni tó wá kí olóòkú, ó ní òun ò fẹ́ sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ọmọ yín ti bá àwọn kan wọ ẹgbẹ́ òrìṣà Ṣáínà, kẹ́ ẹ bá òun fi àdúrà ràn án lọ́wọ́. Àdúrà! Ọ̀dàlẹ̀ ń tọrọ àdúrà.

Wọ́n ní ó tún sọ pé òun fi lẹ́tà náà han àwọn ọmọ Ṣáínà tó wà ní yunifásítì, pé kò sí èyí tó lè kà á nínú wọn, pé lẹ́tà wo ni onílẹ́tà ò mọ̀ tí kì í bá ṣe ti awo? Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé ẹ̀yin àgbà lọ. Ó sì lè jẹ́ pé wọn ò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Lẹ́tà àtijọ́ ni. Aunty Mei ní inú ìwé atúmọ̀ ńlá ló kù sí, pé lẹ́tà mìíràn làwọn èèyàn ń kọ fún òórùn yẹn báyìí, òun gan-an ì bá má mọ̀ ọ́n bí kì í bá ṣe bàbá àgbà òun. Màámi, tẹ́ ẹ bá ń kì mí láàárọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú oríkì wa tí mo bi yín nítumọ̀. Ẹ ní ẹ ò mọ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọkọ yín ṣe ń pè é. Ṣé awo lẹ wá ń fi kì mí láti kékeré ni? Ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ ju àwa lọ ni. Kò dẹ́ṣẹ̀ kankan.

Ràṣíìdì ti kó lọ sí Deptford, ó ti ní ibi tó ti ń sun ẹran tiẹ̀ lọ́jà ibẹ̀. Tí mo bá pè é, kì í gbé e. Ni mo bá wọ bọ́ọ̀sì ní Sátidé tó kọjá, mo lọ ká a mọ́bẹ̀. Ẹ yìn mí o, mi ò mú igi dání. Mo débẹ̀, mo bá ẹni mi nídìí iná, ápúróònù wà lọ́rùn ẹ̀, àgùntàn mẹ́ta wà láyà ẹ̀ kedere. Ohun tó torí ẹ̀ ní kí wọ́n lé àgbò mi, òun ló gbé kọ́rùn tó fi ń jẹun! Mo bi í pé òrìṣà ta nìyẹn láyà ẹ. Ó ní kí n rẹ ohùn sílẹ̀, oníbàárà ń wò wá. Mo ní kí wọ́n máa wò. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo sọ ọ́ lóyìnbó, mo sọ èyí tí kò sí nínú èdè kankan. Mo ní kí ni mo fi ṣe ẹ́, Ràṣíìdì, kí ni mo jẹ tí mi ò fún ẹ níbẹ̀?

Kò wò mí. Ó ń yí ẹran padà lórí iná. Ó ní Wàsíù, ìwọ ní bàbá, ìwọ ní ìyá, ìwọ ni wọ́n ń tò dè ní Rye Lane, èmi ni mo ń fẹ́ná. Ó ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀ tí Bàbá bá ń pè mí, òun máa ń wà nínú yàrá yẹn, òun á yíjú sí ògiri bí ẹni tó ń sùn. Ó ní kò sígbà kan tí wọ́n ní kí n gbé fóònù fún òun. Ó ní wọ́n ti ń pe òun báyìí. Ó wá bi ẹni tó kàn lórí ìlà pé ṣé ó fẹ́ ata.

Mo ti kó èébú púpọ̀ dání lọ o. Èébú tí mo ti tò láti Peckham. Mo rù ú padà wálé bí ẹni kiri ọjà tí wọn ò rà.

Bàbá, ti Ràṣíìdì yé mi. Ó dùn mí wọ eegun, ṣùgbọ́n ó yé mi. Tiyín ni ò yé mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń parí ìjà gbogbo àdúgbò, tí tọkọtaya bá dé, ẹ ó ní kí ọkọ rojọ́, kí ìyàwó rojọ́, kẹ́ ẹ tó lanu. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Tótó, ó ṣe bí òwe, mi ò pè yín bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò pè mí. Fóònù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ò bi mí pé Wàsíù, kí ló wà nínú abọ́ yẹn? Ìbéèrè kan péré. Ǹ bá dáhùn, ẹ̀ bá bú mi fún ìwà òmùgọ̀, ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ pé ẹ̀rín máa pa yín. Àjèjì wá láti Ṣáínà, ó rí mi tí mo mu tàdáwà, ó bi mí ìdí ẹ̀. Bàbá tó bí mi ò bi mí. Màámi, ẹ̀yin náà dákẹ́.

Mo ti ní kí ẹni tó ta àgbò náà tọ́jú ẹ̀ sọ́dọ̀ títí di àárọ̀ ọdún. Síkírátù mọ ilé ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ ní kó lọ fà á wá, ẹ gbọ́wọ́ lé e, ẹ ní ti Wàsíù nìyí. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò ṣe, ẹ dúńbú ti Ràṣíìdì, ẹ dárúkọ ẹ̀, kí Ọlọ́run gbà á. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ka lẹ́tà yìí tán, ẹ má torí ẹ̀ lé òun náà. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún un o, tí mo bá tún rí i màá fọ́ ọ létí. Kò kàn ní ibòmíì ni.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, Bàbá, kẹ́ ẹ pẹ́ láyé nínú àlàáfíà. Màámi, kí ẹsẹ̀ yín fúyẹ́, kẹ́ ẹ fi rìn débi ayọ̀. Síkírátù, kí Ọlọ́run fún ẹ ní ọkọ tó máa bi ẹ́ léèrè ọ̀rọ̀ kó tó bínú. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ ilé-kéú, ẹ bá mi kí gbogbo ojúlé. Ẹni tó bá bèèrè mi, ẹ ní ara mi le, ẹ ní ọjà ń tà. Ẹni tí kò bèèrè, ẹ bá mi kí òun náà.

Èmi ni ọmọ yín, Wàsíù.

Ẹ má ṣe pè mí o. Láàárọ̀ ọdún, ẹnì kan á fẹ́ sáré sọ fún mi pé wọ́n dárúkọ mi, tàbí pé wọn ò dárúkọ mi. Èmi tí mo lẹ́nu tó báyìí, mi ò láyà láti gbọ́ ọ. Mo ti pa fóònù mi.